Bí A Ṣe Ń Palẹ̀ Lab Nẹ́tíwọ̀kì Mọ́ Lórí AWS

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nípa nẹ́tíwọ̀kì orí cloud máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé VPC (nẹ́tíwọ̀kì àdáni tí ẹnì kan ní nínú AWS, ìyẹn cloud ti Amazon) kalẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kó o kúrò, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ pa gbogbo ohun tó ṣẹ̀dá rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sórí console, ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tí a fi ń darí AWS, á tẹ Delete VPC, console á sì kọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bá iṣẹ́ dé, tí wọ́n á pa kọ̀ǹpútà dé, tí owó á sì máa gun orí owó lórí káàdì wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lo nẹ́tíwọ̀kì náà. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lé bí a ṣe ń tú irú lab (nẹ́tíwọ̀kì ìdánrawò) bẹ́ẹ̀ ká ní ètò tí AWS fúnra rẹ̀ ń béèrè, àti bí a ṣe ń mọ ohun tó di VPC mú nígbà tó bá kọ̀ tí kò lọ.

Kí ọ̀rọ̀ lè ṣe é dì mú, ẹ jẹ́ ká mú lab kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò nẹ́tíwọ̀kì AWS. VPC méjì wà ní region (agbègbè tí ibùdó sẹ́fà AWS wà) us-east-1, èyí tó wà ní Virginia: àkọ́kọ́ ń lo àdírẹ́sì 10.20.0.0/16, èkejì ń lo 10.30.0.0/16. VPC àkọ́kọ́ ní subnet (ìpín nẹ́tíwọ̀kì) gbangba méjì àti subnet abẹ́lé méjì, tí a pín sínú Availability Zone méjì, ìyẹn ibùdó sẹ́fà tó dá dúró nínú region kan náà. NAT gateway kan, ọ̀nà tí sẹ́fà abẹ́lé ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà nínú subnet gbangba kọ̀ọ̀kan, Application Load Balancer kan ń gba ìbéèrè láti ìta tó sì ń pín in fún sẹ́fà, Auto Scaling group kan ń bójú tó sẹ́fà EC2 méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, interface endpoint (ẹnu ọ̀nà abẹ́lé sí iṣẹ́ AWS) mẹ́ta fún Systems Manager, irinṣẹ́ tí a fi ń bójú tó sẹ́fà, sì wà nínú subnet abẹ́lé méjèèjì. Transit Gateway kan ló so VPC méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá lè tú èyí ká, kò sí lab kékeré tí yóò dá a dúró.

Ohun tó ń jẹ owó, àti èyí tí kì í jẹ ẹ́

VPC fúnra rẹ̀, subnet, route table (àtẹ ọ̀nà), internet gateway (ẹnu ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì), security group àti network ACL (òfin ohun tó lè wọlé tàbí jáde) kò ní owó kankan lórí. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kọ́bọ̀ kò ní kúrò lápò yín nítorí wọn. Ìdíwọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé AWS máa ń gba àkáǹtì láàyè VPC 5 péré nínú region kọ̀ọ̀kan bí a kò bá tọrọ àfikún, àti pé ọ̀kan nínú márùn-ún náà ni default VPC tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún yín.

Àwọn tó ń jẹ owó ni àwọn tí wọ́n ń ka wákàtí fún. Ní us-east-1, NAT gateway kan ń jẹ dọ́là 0.045 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí dọ́là 0.045 mìíràn lórí gígábáìtì dátà kọ̀ọ̀kan tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Méjì wọn jẹ́ dọ́là 2.16 lójúmọ́. Interface endpoint ń jẹ dọ́là 0.01 fún wákàtí kan nínú Availability Zone kọ̀ọ̀kan tí a bá fi í sí, nítorí náà mẹ́ta nínú zone méjì di mẹ́fà lójú ìṣirò, ìyẹn dọ́là 1.44 lójúmọ́. Àwọn attachment méjì tó so VPC mọ́ Transit Gateway, ní dọ́là 0.05 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí, di dọ́là 2.40. Load balancer ń jẹ 0.0225 fún wákàtí, tó jẹ́ 0.54 lójúmọ́, kí a tó ka ìbéèrè tó ń gbà wọlé. Àdírẹ́sì IPv4 gbangba mẹ́rin, méjì lórí NAT gateway àti méjì lórí load balancer, ń jẹ dọ́là 0.48 láàárín ara wọn, nítorí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024 ni AWS ti ń gba dọ́là 0.005 fún wákàtí lórí gbogbo àdírẹ́sì IPv4 gbangba, yálà ẹnì kan ń lò ó tàbí ó kàn wà nílẹ̀.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di dọ́là 7.02 lójúmọ́, dọ́là 210.60 fún ọgbọ̀n ọjọ́, láìka owó sẹ́fà àti owó dátà mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi náírà ra dọ́là kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún un. Ohun tó sì ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé dídá sẹ́fà dúró kò dín ìkankan nínú owó yìí kù. Sẹ́fà lè ti sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí NAT gateway máa ka wákàtí tirẹ̀ lọ, torí pé wíwà tó wà ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín lónìí tí ẹ kò lè ṣe gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí tán, ẹ pa NAT gateway, endpoint, attachment àti load balancer rẹ́ ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹ dá àdírẹ́sì IP padà, kí ẹ sì fi ìyókù di ọ̀la.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà nílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi ara yín bí a ṣe gbé lab náà kalẹ̀. Bó bá jẹ́ Terraform, irinṣẹ́ tó ń fi kóòdù gbé nǹkan kalẹ̀, ni ẹ lò, terraform destroy ni ọ̀nà rẹ̀. Bó bá jẹ́ CloudFormation, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti AWS, ẹ pa stack náà (àkójọ ohun tó ṣẹ̀dá) rẹ́. Ẹ má ṣe lọ máa fi ọwọ́ yọ nǹkan kọ̀ọ̀kan lórí console nígbà tí irinṣẹ́ kan ti ní àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ náà kò ní bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́, stack yín sì lè bọ́ sí ipò DELETE_FAILED. Àmọ́ bí ẹ bá ti fi ọwọ́ fi nǹkan kún inú VPC tí irinṣẹ́ yẹn ṣẹ̀dá, bíi sẹ́fà ìdánwò kan tí ẹ kàn gbé síbẹ̀ láti fi yẹ ojú ọ̀nà wò, irinṣẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n, òun gan-an ni yóò sì dènà ìparẹ́. Ẹ wá èyí yọ kúrò ní àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí EC2 Global View lórí console. Ojú ìwé yìí ń kó VPC, subnet, sẹ́fà, security group àti volume inú gbogbo region tó ṣí lórí àkáǹtì yín jọ sójú kan, ó sì wúlò gan-an fún ẹni tó ti ṣe lab kan ní Virginia, òmíràn ní Ireland, òmíràn ní Cape Town, tí kò sì rántí èyí tó ti kó kúrò. Console yòókù máa ń fi region kan ṣoṣo hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ kò bá rí níbẹ̀ lè wà níbòmíràn.

Fún iṣẹ́ tó kù, mo fẹ́ràn kí a máa lo CloudShell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, èyí tí ẹ lè ṣí láti inú console láìfi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà yín, nítorí pé ó ti mọ àkáǹtì àti region tí ẹ wà. Ẹ tẹ àṣẹ yìí:

aws ec2 describe-vpcs --query 'Vpcs[].[VpcId,CidrBlock,IsDefault]' --output table

Èyí tí IsDefault rẹ̀ bá jẹ́ True, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ 172.31.0.0/16, ni default VPC. Ẹ fi í sílẹ̀. Kò jẹ owó, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ AWS ló sì máa ń gbé nǹkan sínú rẹ̀ bí ẹ kò bá sọ VPC mìíràn. Bí ọwọ́ bá ti yá jù tí ẹ ti pa á rẹ́, aws ec2 create-default-vpc yóò ṣe òmíràn fún yín. Ẹ wá fi ID ti VPC lab sínú VPC=, kí ẹ má baà máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà:

VPC=vpc-0a1b2c3d4e5f67890

Sẹ́fà àti load balancer

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Auto Scaling group, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́fà. Iṣẹ́ tí a gbé lé group yìí lọ́wọ́ ni pé kí sẹ́fà méjì máa wà ní gbogbo ìgbà, nítorí náà bí ẹ bá terminate ọ̀kan (ìyẹn, pa á rẹ́), yóò gbé òmíràn dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń terminate sẹ́fà láìkan group náà dà bí ẹni tó ń gé koríko láìhú gbòǹgbò rẹ̀. Àṣẹ yìí yóò kó group àti sẹ́fà rẹ̀ lọ pọ̀:

aws autoscaling delete-auto-scaling-group --auto-scaling-group-name lab-asg --force-delete

Sẹ́fà tí kò sí lábẹ́ group kankan, bíi èyí tí ẹ gbé sínú VPC kejì láti fi dán Transit Gateway wò, ẹ terminate rẹ̀ fúnra yín. Bí AWS bá kọ̀, ẹ wò ó bóyá termination protection wà lórí rẹ̀, kí ẹ pa á ná. Kí ẹ sì rántí pé disk tí sẹ́fà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sábà máa ń bá a lọ, ṣùgbọ́n disk tí ẹ so mọ́ ọn lẹ́yìn náà kì í lọ. Yóò dúró ní ipò available, yóò sì máa jẹ owó. Ẹ wo Volumes lórí console EC2 kí ẹ yọ irú wọn.

Load balancer ló kàn. Pípa á rẹ́ kò le, àfi bí deletion protection bá wà lórí rẹ̀. Target group (àkójọ sẹ́fà tí load balancer ń pín ìbéèrè fún) kì í bá load balancer lọ, kò sì jẹ owó, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ náà kí orúkọ rẹ̀ má baà dí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá tún lab náà ṣe. Ẹni tí lab rẹ̀ ní EKS (iṣẹ́ AWS fún Kubernetes, tó ń darí àwọn container) nínú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí: àwọn load balancer tí Kubernetes fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá nítorí Service oríṣi LoadBalancer kì í kú bí ẹ bá kàn pa cluster rẹ́. Ẹ fi kubectl pa Service wọ̀nyí rẹ́ nígbà tí cluster ṣì wà láàyè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò padà wá máa fi ọwọ́ wá wọn kiri.

NAT gateway àti àdírẹ́sì rẹ̀

Nǹkan méjì ni èyí, kì í ṣe ọ̀kan, ibi tí ọ̀pọ̀ sì ti ń kọsẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá pa NAT gateway rẹ́, ó tú Elastic IP (àdírẹ́sì gbangba tí ẹ gbà fún ara yín) tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a padà fún AWS. Àdírẹ́sì náà ṣì jẹ́ tiyín, dọ́là 0.005 fún wákàtí sì ṣì ń lọ lórí rẹ̀, tó jẹ́ dọ́là 3.60 fún ọgbọ̀n ọjọ́ lórí ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wá NAT gateway, kí ẹ sì pa wọ́n rẹ́:

aws ec2 describe-nat-gateways --filter Name=vpc-id,Values=$VPC --query 'NatGateways[].[NatGatewayId,State]' --output table

aws ec2 delete-nat-gateway --nat-gateway-id nat-0123456789abcdef0

Ìparẹ́ náà kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ipò rẹ̀ á kọ́kọ́ di deleting, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á di deleted, orúkọ rẹ̀ á sì ṣì máa hàn lórí console fún bíi wákàtí kan kó tó pòórá. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. NAT gateway tó ti di deleted kò jẹ owó mọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé wákàtí tí kò pé ni AWS ń kà bíi wákàtí odidi, nítorí náà kò sí èrè nínú pé ẹ ń pa á rẹ́ tí ẹ ń tún un ṣe láàárín wákàtí kan náà nítorí owó.

Nígbà tó bá ti di deleted tán, ẹ wo àwọn àdírẹ́sì yín:

aws ec2 describe-addresses --query 'Addresses[].[PublicIp,AllocationId,AssociationId]' --output table

Èyí tí àyè kẹta rẹ̀ bá ṣófo, tó kọ None síbẹ̀, kò so mọ́ nǹkankan mọ́. Ẹ dá a padà pẹ̀lú AllocationId rẹ̀:

aws ec2 release-address --allocation-id eipalloc-0123456789abcdef0

Route table subnet abẹ́lé yóò ṣì ní ìlà 0.0.0.0/0 tó ń tọ́ka sí NAT gateway tí kò sí mọ́, tí ipò rẹ̀ ti di blackhole (ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan). Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Yóò bá route table lọ.

Endpoint àti Transit Gateway

Ẹ pa àwọn endpoint mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú aws ec2 delete-vpc-endpoints, kí ẹ to ID wọn tẹ̀ lé --vpc-endpoint-ids. Gateway endpoint tó wà fún S3 tàbí DynamoDB kò jẹ owó, ṣùgbọ́n ẹ kó o mọ́ ọn.

Ní ti Transit Gateway, attachment ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, nítorí orí wọn gan-an ni owó wà, àti pé Transit Gateway kò ní gbà kí ẹ pa òun rẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà. Ẹ fi aws ec2 delete-transit-gateway-vpc-attachment yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró títí ipò wọn yóò fi di deleted, kí ẹ tó wá pe aws ec2 delete-transit-gateway. Bí lab yín bá ní Site-to-Site VPN, òun náà ń jẹ dọ́là 0.05 fún wákàtí, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa connection rẹ̀ rẹ́ kí Transit Gateway tó lè lọ. VPC peering (ìsopọ̀ tààrà láàárín VPC méjì) kò ní owó wákàtí. Ẹ kàn pa á rẹ́ kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí VPC bá kọ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ network interface

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Nígbà tí AWS bá kọ̀ láti pa VPC tàbí subnet rẹ́, ohun tí yóò kọ síwájú yín ni DependencyViolation, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé vpc báyìí "has dependencies and cannot be deleted". Kò sọ ohun tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á máa méfò. Kò yẹ kí ẹ méfò rárá, nítorí pé ohunkóhun tó bá ń gbé inú subnet, ì báà jẹ́ sẹ́fà, load balancer, database tàbí Lambda (kóòdù tí AWS ń bá yín ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ń bójú tó sẹ́fà), network interface kan, ìyẹn káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ló fi dúró níbẹ̀, àwọn network interface yìí sì ń kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n sára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí:

aws ec2 describe-network-interfaces --filters Name=vpc-id,Values=$VPC --query 'NetworkInterfaces[].[NetworkInterfaceId,Status,Description]' --output table

Àyè kẹta ni ẹ óò kà. Bó bá kọ "Interface for NAT Gateway" pẹ̀lú ID kan níwájú rẹ̀, NAT gateway kan ṣì wà, tàbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ELB app/", Application Load Balancer ló ni ín, orúkọ load balancer náà gan-an ló sì tẹ̀ lé e. "VPC Endpoint Interface" ń tọ́ka sí endpoint, "RDSNetworkInterface" ń tọ́ka sí database, "AWS Lambda VPC ENI" sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ Lambda kan tí ẹ so mọ́ VPC náà. Ẹ padà lọ bá oní-nǹkan, ẹ pa òun rẹ́, network interface rẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ máa fi ipá já network interface náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ iṣẹ́ AWS ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú láti tú u, AWS yóò dá yín lóhùn pé "You are not allowed to manage 'ela-attach' attachments", òótọ́ ni ó sì sọ. Mo ti rí àwọn tó lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ lórí gbólóhùn yìí, tí wọ́n rò pé àṣẹ IAM (ètò ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí AWS) wọn ni kò tó, tí wọ́n sì ń fi àṣẹ kún àṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé load balancer kan ló kàn ṣì wà láàyè níbì kan. Àní ẹni tó ni àkáǹtì gan-an kò lè yí èsì yẹn padà.

Sùúrù náà ní ipò tirẹ̀. Lẹ́yìn tí load balancer bá ti pòórá lórí console, network interface rẹ̀ lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ti Lambda ló pẹ́ jù: ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí AWS tó gba network interface rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá tẹ àṣẹ kan náà. Èyí tí Status rẹ̀ bá jẹ́ available, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ nínú lab, òun nìkan ni ẹ lè fi aws ec2 delete-network-interface yọ tààrà. Nígbà tí àtẹ náà bá padà wá láìsí ìlà kankan nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó le ti parí.

Security group tó ń tọ́ka sí ara wọn

Nínú lab wa, security group ti load balancer, sg-alb, gba ìjáde sí sg-web ní port 8080, sg-web sì gba ìwọlé láti sg-alb ní port kan náà. Bí ẹ bá pa sg-web rẹ́, AWS á ní "has a dependent object". Bí ẹ bá yí padà sí sg-alb, èsì kan náà ni. Ọ̀kan ń di èkejì mú. Ẹ kò ní láti pa group kankan rẹ́ ná; ẹ kàn yọ òfin tó tọ́ka sí ẹnìkejì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan (ID àkọ́kọ́ níbí ni ti sg-web, èkejì ni ti sg-alb):

aws ec2 revoke-security-group-ingress --group-id sg-0aaa1111bbbb2222c --protocol tcp --port 8080 --source-group sg-0ddd3333eeee4444f

Ẹ fi aws ec2 revoke-security-group-egress ṣe bẹ́ẹ̀ fún òfin ìjáde, tàbí kí ẹ lo Edit rules lórí console bó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò lọ láìjà. Èyí tó ń jẹ́ default nínú VPC kọ̀ọ̀kan kò ṣe é pa rẹ́, ẹ má bá a jà. Òun àti main route table àti default network ACL yóò bá VPC wọlẹ̀.

Subnet, internet gateway, àti VPC fúnra rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà níbí. Console ló rọrùn jù: nígbà tí kò bá ti sí network interface kankan nínú VPC mọ́, Delete VPC lórí console yóò kó subnet, route table, network ACL, security group, gateway endpoint àti internet gateway lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kọ́kọ́ to orúkọ wọn síwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka àkójọ náà; ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ pípa VPC tí kì í ṣe ti lab rẹ́.

Àṣẹ orí CloudShell kì í ṣe irú ojú rere bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò yọ:

aws ec2 detach-internet-gateway --internet-gateway-id igw-0123456789abcdef0 --vpc-id $VPC
aws ec2 delete-internet-gateway --internet-gateway-id igw-0123456789abcdef0
aws ec2 delete-subnet --subnet-id subnet-0123456789abcdef0
aws ec2 delete-route-table --route-table-id rtb-0123456789abcdef0
aws ec2 delete-vpc --vpc-id $VPC

Bí ìlà àkọ́kọ́ bá kọ̀, tó ní VPC náà "has some mapped public address(es)", àdírẹ́sì gbangba kan ṣì wà lórí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ padà sí àtẹ network interface. Subnet gbọ́dọ̀ ṣáájú route table tó so mọ́ ọn, àyàfi bí ẹ bá kọ́kọ́ tú ìsopọ̀ wọn. Ẹ wá ṣe VPC kejì bákan náà. Kò ní pẹ́, torí pé kò sí NAT gateway tàbí load balancer nínú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn VPC

VPC ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan kò gbé inú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá tan VPC Flow Logs, èyí tó ń kọ ìrìn dátà nínú nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú log group ní CloudWatch Logs, bẹ́ẹ̀ ni log group kì í ní ọjọ́ tí yóò parẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá yàn án fún un. Private hosted zone (àkọsílẹ̀ orúkọ DNS abẹ́lé) inú Route 53 ń jẹ dọ́là 0.50 lóṣù, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá pa rẹ́ láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn tí ẹ dá a sílẹ̀ kì í jẹ owó. Snapshot disk, launch template àti IAM role tí ẹ ṣe fún lab, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Snapshot nìkan ló ń jẹ owó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan máa ń fẹ́ràn aws-nuke, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń gbá gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì dànù. Èrò mi ni pé inú àkáǹtì tí a yà sọ́tọ̀ fún lab nìkan ló ti yẹ ẹ́. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sẹ́fà ìdánrawò àti sẹ́fà oníbàárà, ẹni tó bá sì kó méjèèjì pọ̀ sínú àkáǹtì kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

Ẹ fi ìwé owó jẹ́rìí sí i

Ojú console kò tó ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí Cost Explorer, ẹ yan Daily, kí ẹ sì pín owó náà ní Usage type. Ọjọ́ kejì ni mo sọ, nítorí pé ó lè gba wákàtí 24 kí owó tuntun tó hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ní alẹ́ ọjọ́ kan náà yóò rí owó àná, ọkàn rẹ̀ á sì máa dàrú lásán. Àwọn ìlà tí ẹ óò máa wá ni NatGateway-Hours, VpcEndpoint-Hours, TransitGateway-Hours, LoadBalancerUsage, PublicIPv4:InUseAddress àti PublicIPv4:IdleAddress. Nínú region mìíràn, àmì kúkúrú region náà máa ń ṣáájú orúkọ wọ̀nyí, bíi AFS1 fún Cape Town, àmì yẹn gan-an ni yóò sì tọ́ka ibi tí ohun tí ẹ gbàgbé wà fún yín. IdleAddress tó bá ṣì ń jáde túmọ̀ sí pé Elastic IP kan ni ẹ kò dá padà. InUseAddress tó bá ṣì ń jáde tọ́ka sí nǹkan kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú region yẹn, àtẹ network interface tí a fi ṣiṣẹ́ lókè, láìfi VPC kan sí i, yóò fi oní-nǹkan hàn yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lab mìíràn, ẹ lọ sí AWS Budgets, ẹ yan àdàkọ tó ń jẹ́ Zero spend budget, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì í-meèlì tí ẹ máa ń kà lójoojúmọ́ sí i. Yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí yín nígbà tí owó bá ti ju dọ́là 0.01 lọ. Kì í dá owó dúró, kì í sì í yára, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló pọ̀ jù tí AWS ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n NAT gateway tí ẹ bá gbàgbé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kò ní dé òpin oṣù kí ẹ tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ tún fi tag kan náà, bíi lab=tgw-01, sára gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣẹ̀dá láti ìbẹ̀rẹ̀; Tag Editor yóò wá to gbogbo wọn jáde fún yín lójú kan, ní region tó wù kí wọ́n wà.